Àwọn Ilé Tí Omi Kò Wọ̀

Kí n má parọ́, torí lẹ́tà ni mo ṣe lọ síbẹ̀, kì í ṣe torí àánú. Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ rí ní Toronto á mọ ohun tí mò ń wí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe tíṣà n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí níbí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: ta ló mọ̀ ọ́ ní Kánádà? Àfi bí ẹni pé ọmọ wọn ọkùnrin ni mo fẹ́ fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń di ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí ní Mississauga ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbì kan, pé tí mo bá ṣe é dáadáa, wọ́n á kọ lẹ́tà tó máa jẹ́rìí mi. Mo ní kò burú.

Ọlọ́run sì rán ìjì. Ìjì náà ti jà tẹ́rùn lórí òkun lọ́hùn-ún, ó ti ṣí òrùlé àwọn ará etí òkun. Nígbà tó fi máa dọ́dọ̀ tiwa, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù. Àmọ́ òjò ọjọ́ méjì gbáko ni ìrù náà, kò sì dá. Omi ya wọ bésímẹ́ǹtì káàkiri, ìyẹn àwọn yàrá abẹ́ ilé tí àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń gbé. Ẹgbẹ́ kan ń wá àwọn tó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n lè mọ ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́. Tíì àárọ̀ mi kò tíì tutù tí mo fi forúkọ sílẹ̀.

Ọ̀gá wa níbẹ̀ jẹ́ òyìnbó obìnrin kan, àbúrò mi tó kéré jù gan-an jù ú lọ. Ó ní ká máa pe òun lórúkọ. Mo gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀, mo bá ń pè é ní Ọ̀gá. Ó fún wa ní fọ́ọ̀mù, ó sì ṣòfin kan ṣoṣo: ohun tí onílé bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má ṣe bá wọn rò ó. Nítorí pé mo gbọ́ Yorùbá, ó rán mi lọ sí Springdale, sí àdúgbò kan tí ilé márùn-ún níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn èèyàn wa.

Nílé àkọ́kọ́, ìyá àgbà kan ló ṣílẹ̀kùn. Ọmọ wọn ọkùnrin ló mú wọn wá láti Nàìjíríà kí wọ́n lè bá a wo àwọn ọmọ, bésímẹ́ǹtì ni wọ́n sì ń sùn. Bàtà òjò ló wà lẹ́sẹ̀ wọn nínú ilé. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ewu òjò o, Mama."

"Ewu kankan ò sí, ọmọ mi. A dúpẹ́."

"Ṣé omi ò wọlé?"

"Omi? Omi a máa wọlé. Ọlọ́run ò ṣáà jẹ́ kó gbé wa lọ. Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti yó, ma." Irọ́ ni. Ebi ń pa mí kú lọ. "Ṣé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́ kankan?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo bi pé ṣé ó ti jalè rí. "Ìrànlọ́wọ́ kẹ̀? Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́, ìyàwó ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò sí wàhálà kankan nínú ilé yìí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí wọn ò tọ́ nílé wa. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, tẹ́ ẹ bá bèèrè àlàáfíà ẹ̀, á ní a dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ láàárọ̀, a dúpẹ́. Èèyàn kì í kó ìṣòro ilé rẹ̀ jáde síta fún àlejò tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, pàápàá àlejò tó mú bírò dání. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mo rí bàtà òjò. Mo gbóòórùn omi tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lòfin, ta sì ni mí tí mo fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé irọ́ ni wọ́n ń pa? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi kò wọlé, wọn kò nílò nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù náà mọ́ tónítóní.

Bákan náà ló rí nílé kejì títí dé ìkarùn-ún. A dúpẹ́, a dúpẹ́, a dúpẹ́. Nílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mama, bàbá ará Íńdíà kan ní tiẹ̀ mú mi sọ̀ kalẹ̀, ó fi gbogbo ohun tó tutù hàn mí títí dórí ìbọ̀sẹ̀, odindi ojú ìwé méjì ni mo kọ. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé fáànù ńlá tó ń mú ilé gbẹ lọ fún un. Ọ̀gá yìn mí. Ó ní àwọn èèyàn mi lágbára, pé ìjì ò lè mú wọn. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ti kọ lẹ́tà mi: pé mo máa ń fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí èèyàn bá ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo sì fi í sínú báàgì mi bí ẹni tọ́jú ẹyin.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, wọ́n ní kí n gbé omi mímu lọ fún bàbá ará Íńdíà. Ibi tí mo ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bésímẹ́ǹtì Mama ni mo ti gbọ́ ikọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò sì tètè tán. Ìyàwó ọmọ wọn ń jáde bọ̀, ó ti múra iṣẹ́.

"Auntie, láti Sunday ni o. Carpet yẹn ti ń hu nǹkan dúdú. A ní kí wọ́n máa bọ̀ lókè, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ oorun. Doctor sì ti sọ pé tí wọ́n bá ṣì ń sùn síbẹ̀, hospital ló máa já sí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi nígbà tí mo wá?"

"Ṣé mo wà nílé ni? Àti pé, Auntie, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ò mọ Mama ni?"

Mo mọ Mama. Mo ti mọ̀ wọ́n kí n tó rí wọn rárá. Inú bí mi sí wọn, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo pe Ọ̀gá. Ó ní fáànù díẹ̀ ló ṣẹ́ kù, pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn máa pín in tán. Ó ní èmi ò lè yí ìdáhùn onílé padà, àfi kí onílé fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù. Aago mẹ́ta ti kọjá. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ń tú omi jáde níbikíbi tí mo bá ti tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mama jókòó sórí ibùsùn, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora. Mo tẹ fóònù kí gbogbo wa lè máa gbọ́ ohùn Ọ̀gá.

"Good afternoon, ma'am. How are you?"

Òyìnbó tí Mama gbọ́ dájú nìyí. Wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Fine, thank you!" Ikọ́ bá dé.

"Do you need any help?"

"No, no! Thank God. How is your mummy?"

Mo fọwọ́ bo fóònù. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé omi wọlé."

"Kí n máa ráhùn fún ọmọ ọlọ́mọ? Ó kí mi, mo dá a lóhùn."

"Ẹ ń húkọ́, Mama."

"Ọyẹ́ ni."

"Mama, kò sí ọyẹ́ ní Kánádà!"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Kò sí ẹni tó lè ran ìyá yìí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní kí wọ́n má ranni lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, omi rin ṣòkòtò mi gbin.

"Mama, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ ni mò ń wá. Tẹ́ ẹ bá ń sọ pé ẹ ò nílò nǹkan kan, wọ́n á ní mi ò ṣiṣẹ́. Wọn ò ní fún mi ní lẹ́tà."

Ẹ̀yìn mi ni báàgì wà, lẹ́tà sì wà nínú rẹ̀.

"Háà! Kí ló dé tó ò tètè sọ?" Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Hello! My daughter! Water full my room. Water plenty! My bed, my box, everything! This girl is working very well. Give her paper!" Wọ́n húkọ́ sí i létí dáadáa, wọn ò fi ọ̀kankan pa mọ́.

Mo rò pé ó parí. Mama bi mí pé ilé àwọn èèyàn wa mélòó ni mo kọ. Mo ní márùn-ún. Ni wọ́n bá gbé fóònù tiwọn. Wọ́n mọ gbogbo ilé mẹ́rin tó kù, wọ́n jọ ń gbàdúrà lórí fóònù ní ìdájí ni.

"Ẹ gbọ́, ọmọ wa kan ń wáṣẹ́, àfi ká ràn án lọ́wọ́ o. Ẹ pe ọ̀gá ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ pé omi wọlé yín. Àbí kò wọlé ni? Ẹ̀hẹ́ẹ̀n. Ẹ sáà sọ ọ́."

Kí aago márùn-ún tó lù, gbogbo wọn ti pe Ọ̀gá. Omi ti ba ibùsùn ọ̀kan jẹ́ pátápátá. Òmíràn ti ń tẹ́ àwọn ọmọ sí pálọ̀ láti ọjọ́ òjò. Ọ̀gá pè mí, ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn olùrànlọ́wọ́ tó báyìí rí. Ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ìdáhùn wọn fi yí padà. Mo ní mo tún fara balẹ̀ gbọ́ wọn ni.

Àwọn fáànù dé nírọ̀lẹ́ yẹn. Mama kọ́kọ́ bi àwọn tó gbé e wá bóyá wọ́n ti jẹun. Nígbà tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, Mama ní àwọn á sùn lókè, kí ẹ̀rọ lè ráyè ṣiṣẹ́. Àbíkẹ́yìn ilé ń fò sókè: "Grandma's sleeping in my room!"

Mo kúnlẹ̀ láti dágbére. Mama di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n ní mo máa ríṣẹ́. Àmín. Wọ́n ní àwọn tí ò mọ̀ mí á mọ̀ mí. Àmín. Ikọ́ dá wọn dúró, wọ́n nu ẹnu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé. Wọ́n ní lẹ́tà náà á tẹ̀ mí lọ́wọ́, kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ṣe àmín sí ìyẹn náà. Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde. Mama rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni, wọ́n bá tún gbé àdúrà tuntun dìde.