Ọwọ́ Méjèèjì Lórí Fólàn

Ìdí mi kì í gbé ibì kan pẹ́. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí òun ń pọ̀n mí, ṣe ni mo máa ń yí lẹ́yìn òun bí ẹni tí ìjàlọ wọ aṣọ rẹ̀. Bóyá ohun tó sọ mí di awakọ̀ nìyẹn. Ogún ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí mo ń gbé òwú láti Parakú lọ sí èbúté Kútọnú, tí mo sì ń gbé ìrẹsì àti sìmẹ́ńtì padà lọ sókè títí dé ẹnu ibodè. Bí mo bá lo ọjọ́ mẹ́ta nílé, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Ọmọbìnrin mi ló mú kí n fẹ́ yí ìgbé ayé yìí padà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà kí n tó wọlé wa ní Banikanni ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì sáré wọlé, ó ń pariwo: "Màmá, àlejò wa ti dé!" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Èmi ni mo kọ́ ilé o, èmi náà ni àlejò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò kan ń wá awakọ̀. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí, bó bá lọ sí Kútọnú lónìí, yóò padà sí Parakú lọ́la, yóò sì sùn nílé rẹ̀. Olórí àwọn awakọ̀ wọn wò mí, ó gbọ́ iye ọdún tí mo ti lò lórí títì, ó ní òun yóò di àyè náà mú fún mi títí ilé ẹ̀kọ́ yóò fi wọlé. Ohun kan ló kù. Pẹ̀mí, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí mo ní, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn ní pẹ̀mí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ní ìdánwò tirẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní ara mi dá ṣáṣá. Mo ṣe ìdánwò òfin ojú ọ̀nà, mo yege. Ó ku kí n jókòó sínú ọkọ̀ èrò kí wọ́n wò mí bí mo ṣe ń wà á láàárín ìlú. Mo pè é ní eré ọmọdé.

Ọkùnrin tó dán mi wò tínínrín, ó wọ awòjú, ó mú bírò dání, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí apá ọ̀tún mi, ó ní kí n máa lọ. Mo bọ́ sí títì, mo wo dígí, mo fún àwọn ọlọ́kadà láyè. Ó ní kí n gba Sòǹgó kọjá. Háà, Sòǹgó! Ibẹ̀ ni ibùdó ọkọ̀ wa wà, ibẹ̀ ni mo ti ń di ẹrù láti ogún ọdún. Ẹni tó ń ta táyà juwọ́ sí mi, mo juwọ́ padà. Àwọn tó ń di ẹrù kígbe ìnagijẹ mi, mo fọn fèrè fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá arúgbó kan ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí fólàn tí mo fi ń tọ́ ọkọ̀, mo sì tẹrí ba fún un. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kí ènìyàn ni bírò ọkùnrin yìí ń lọ lórí ìwé. Mo rò pé ire ló ń kọ.

Nígbà tí a padà dé, ó bọ́ awòjú rẹ̀, ó fi Faransé sọ fún mi pé: "Mùsíyé, ẹ mọ ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ kò wa ọkọ̀ lónìí, ìsọmọlórúkọ lẹ lọ."

Ó ní ènìyàn mẹ́sàn-án ni mo kí, ìgbà mẹ́sàn-án sì ni mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo wa ọkọ̀ ńlá láàárín ọjà.

Mo ní: "Àgbàlagbà ńkọ́? Ṣé kí n wo ojú àgbàlagbà kí n máa lọ bí ewúrẹ́ ni?"

Ó ní: "Mùsíyé, àgbàlagbà yóò wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Àwọn tí yóò jókòó sẹ́yìn yín ńkọ́?"

Inú bí mi burúkú. Ohun tó sì bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Nígbà náà, yóò ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé.

Oṣù méjì yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe lò ó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ń dìde, mo ń jókòó, mo ń jáde lọ wo títì bí ẹni pé títì fẹ́ sá lọ. Ìyàwó mi ló ní ká máa kọ́ ọwọ́ mi nílé kó má máa kí ènìyàn mọ́. Mo jókòó sórí àpótí, mo di ìdérí ìkòkò ńlá mú bí fólàn, òun sì ń kọjá níwájú mi, á gbé ohùn sókè, á ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Kí n tó mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ti wà lókè. Ọmọ mi di olùdánwò. Ó mú èédú, ó ń fa ìlà sára ògiri nígbàkigbà tí mo bá ṣìṣe. Ògiri wa kún fún ìlà dúdú.

Ìyàwó mi ní: "Bàbá ọmọ mi, bí mo bá ní kí ọwọ́ yìí bá mi gbé omi, ṣé á yá báyìí?"

Mo tún ń dán ara mi wò ní àdúgbò. Mo máa ń rìn láti ilé dé ọjà, èmi kò ní gbé ọwọ́ sókè fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ará àdúgbò fi ń bi ìyàwó mi bóyá wọ́n ti fi mí joyè ni.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé mo fìdí rẹmi, àyàfi ẹnì kan, ọ̀gá mi.

Bàbá yìí ló kọ́ mi ní ọkọ̀, òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó wà ní Sòǹgó. Ilé rẹ̀ wà létí títì ní ọ̀nà Albarika. Ojú rẹ̀ ti fọ́, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé àga rẹ̀ síta, yóò fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún, yóò sì máa gbọ́ ọkọ̀. Ó mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó dé. Ó ní bí oníkálukú ṣe ń já jíà ni ohùn rẹ̀. Èmi, mo ní àṣà kan tí mo kọ́ láti ara ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́: bí mo bá fẹ́ já jíà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń tẹ kílọ́ọ̀sì, mo sì máa ń fún un ní epo díẹ̀ láàárín méjèèjì. Bó bá ti gbọ́ ọ, á ní: "Ọmọ Ṣábẹ̀ nìyẹn," nítorí Ṣábẹ̀ ni ìlú mi. Èmi á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, màá juwọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ọwọ́ mi, òun á sì gbé ọ̀pá sókè. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi rí pé ohun tó kù tó ń dùn mọ́ bàbá nínú nìyẹn, ju oúnjẹ lọ.

Èmi kò sọ fún un pé mo fẹ́ kúrò nídìí ọkọ̀ akẹ́rù. Ó kórìíra ọkọ̀ èrò. Ó máa ń sọ pé sìmẹ́ńtì kì í bú awakọ̀. Mo ní màá sọ fún un bí mo bá ti gba pẹ̀mí. Ìtìjú ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé. Ọkùnrin awòjú yẹn náà ni. A lọ, a bọ̀. Mo rí ẹni tó ń ta táyà, mo wo iwájú. Ẹnì kan pariwo ìnagijẹ mi, mo kọ etí dídi sí i. Bírò ò mira. Bí a ṣe dé ìkòríta, ó ní: "Ẹ yà sí ọ̀nà Albarika."

Ọ̀nà ilé ọ̀gá mi ni. Bí mo ṣe yà ni mo rí àga náà lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá jókòó, ó wọ fìlà funfun. Gegele kan wà níwájú ilé alágbẹ̀dẹ tó ṣìkejì ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ já jíà sí kejì. Ẹsẹ̀ mi ò gbàgbé àṣà rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rí bàbá tó gbórí sókè. Mo rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Kò dúró de fèrè, ó ti gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó sì na án sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di fólàn mú. Fèrè wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Mo ronú nípa ọmọ mi àti èédú rẹ̀. Mo kọjá. Nínú dígí, mo rí ọ̀pá náà tó ṣì wà lókè, tó wá ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo yege. Ọkùnrin náà tilẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Nílé, ìyàwó mi jó, ọmọ mi fi omi nu ògiri. Ọ̀fọ̀ ló jọ lójú mi. Mo ní màá lọ rí bàbá lọ́la. Ọ̀la dé, mo ní ìwé ni mo fẹ́ lọ gbà. Ọ̀túnla dé, mo ní wọ́n ń fi ọkọ̀ hàn mí. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi, ẹsẹ̀ tó ń yún mi lọ síbi gbogbo kò yún mi lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá ni mo tó ra obì, tí mo sì lọ.

Àga náà kò sí níta.

Ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í pé: "Ìyá, ṣé kò sí láburú o?"

Ó ní: "Ara rẹ̀ yá. Ó kàn ní òun ò jókòó síta mọ́ ni. Ó ní ariwo títì ti sú òun."

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá bi mí pé ta ni. Mo ní èmi ni. Ó ní: "Ọmọ Ṣábẹ̀," ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn náà ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọmọ mi, ọkọ̀ èrò, ènìyàn mẹ́sàn-án tí mo kí, àti àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó bá mi wí. Mo ń retí ọ̀pá lẹ́yìn mi.

Ó bi mí: "Ọkọ̀ èrò, òfìfo? Ó ti ìkòríta wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"O já a sí kejì níwájú alágbẹ̀dẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Mo ní ọmọ Ṣábẹ̀ ni. Ìwọ ní ọmọ Ṣábẹ̀ kò lè kọjá kó má kí mi." Bàbá wá sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé: "Ojú lọ, mo gbà. Láti ọjọ́ yẹn, mo rò pé etí náà ti lọ. Kí ni mo tún fẹ́ máa wá lójú títì?"

Mo sunkún. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́. Mo ti rò pé yóò bínú sí mi, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ara rẹ̀ ni yóò fẹ̀sùn kàn.

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí mi. "Ọwọ́ méjèèjì ló wà lórí fólàn?"

"Méjèèjì, bàbá."

"Ó dáa. Dìde, gbé àga mi síta."

Mo gbé e síta, mo mú un lọ́wọ́ jókòó. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń yà bọ̀ láti ìkòríta lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ti rí ẹni tó wà nídìí rẹ̀, mo la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó dẹ etí sílẹ̀. "Má sọ fún mi," ó ní.