Wọ́n Mọ̀, Wọn Ò Sọ fún Màmá Àkàndé

Orí maṣíìnì ìránṣọ ni Màmá Christianah Àkàndé ṣubú lé ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní àdúgbò Gangare lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí a tó gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n ti dákẹ́.

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé wọn ò ṣàyẹ̀wò. Wọ́n ṣe é! Lóṣù tó kọjá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ẹgbẹ́ àdúgbò wa jọ ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní Dogon Dutse. Màmá yìí kan náà ló rán aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Màmá rí mi lórí ìlà, wọ́n ní ikùn mi nìkan tó gba dókítà méjì. Ta ni yóò tún máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí? Àárò wọn ń sọ mí.

Tabitha, akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ló sunkún sọ ìyókù fún mi níbi ìsìnkú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn ru kọjá ààlà, ẹ̀rù bà á. Ó sáré lọ bá alága ẹgbẹ́, Olóyè Ọládipúpọ̀.

"Haba, likita!" ni Olóyè wí, bí ẹni ń bá dókítà gidi sọ̀rọ̀. "Ṣé lójú èrò la ó ti máa sọ irú èyí fún àgbàlagbà? Fi sílẹ̀ fún wa. A máa yan àwọn àgbà tó máa lọ bá wọn nílé."

Àṣà wa kúkú ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn òkú là ń sọ báyẹn, kì í ṣe ti alààyè tó ṣì lè lo oògùn. Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n yan akọ̀wé. Wọ́n ń wá ọjọ́ tí yóò rọ gbogbo wọn lọ́rùn. Ẹ kú làákàyè o!

Wọ́n padà wá ṣá. Gbogbo wọn pé pẹ̀lú agbádá, wọ́n wá kí Dọ̀tun, ọmọ màmá, kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n sì rọra sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ńkọ́? Ta ló kọ́ wọn pé èsì aláìsàn di ti alága?

Mo gbọ́ pé àyẹ̀wò mìíràn ń bọ̀. Olóyè, ẹni mélòó lẹ ṣì gbé èsì wọn pamọ́? Ẹ wá wọn lọ sílé lónìí, kódà bí sálúbàtà lẹ bá wọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ jókòó síwájú Dọ̀tun, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ti mọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó kú. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ lọ. Ẹ má yan ìgbìmọ̀.