Ẹni Tó Pè É Ní Mẹ́wàá, Kó Tà Á ní Mẹ́wàá

Ẹ̀gbẹ́ mi ni Primitiva Quisbert ti ń ta pòtétò ní ọjà El Alto, ní orílẹ̀-èdè Bolivia, níbi tí òtútù ti ń wọ eegun. Ọkọ rẹ̀, Eleuterio, ba àyà rẹ̀ jẹ́ níbi ìwakùsà. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra oògùn. Bí ìjọba bá gbà pé ọjà ti wọ́n, owó náà á gbéra. Bí wọ́n bá ní kò wọ́n, ojú kan ló máa wà.

Nieves ni ọmọbìnrin tí ìjọba ń rán wá béèrè iye tí à ń tajà, kí wọ́n lè mọ bí ọjà ṣe ń wọ́n sí.

Lọ́dún tí ọjà fò sókè, Ìyálọ́jà Hilaria pè wá jọ. Ó ní àwọn ọ̀gá ìjọba kan ti ṣèlérí òrùlé fún ọjà wa, bí ọjà ò bá wọ́n nínú ìwé Nieves.

"Bí Nieves bá dé, owó bolivianó mẹ́wàá ni kí ẹ pe òṣùwọ̀n pòtétò kan."

Bẹ́ẹ̀ mẹ́rìndínlógún là ń tà á.

Primitiva ní, "Òrùlé yẹn ò ní bo àyà Eleuterio."

"Ẹnu ẹ ti ń mú jù. Tó o bá pè é ju mẹ́wàá lọ, wá ibòmíì pàtẹ sí."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Nieves dé, Ìyálọ́jà ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí òjìji. Mẹ́wàá níhìn-ín, mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Nígbà tó kan Primitiva, ó dìde, ó gbọn aṣọ tó fi ń pọn ẹrù, ó lọ tẹ́ ẹ síwájú àtẹ pòtétò Hilaria gan-an.

"Èmi ò tà lónìí, rírà ni mo fẹ́ rà. Oníbàárà mi, mẹ́wàá rèé. Ẹ wọ̀n ọ́n fún mi, kí ẹ sì fi ènì sí i."

"Primitiva, má yọ mí lẹ́nu."

"Ta ló ń yọ yín lẹ́nu? Ẹ pè é ní mẹ́wàá, mo gbé mẹ́wàá wá."

Àwọn oníbàárà gbọ́. Wọ́n gbé àpò, wọ́n ya bo àtẹ. Hilaria fi yẹ̀rì bo pòtétò rẹ̀.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Mẹ́rìndínlógún ni, ẹni tí ò bá ní, kó kọjá."

Nieves ní, "Iye tí ẹ bá gbà kó tó kúrò lórí àtẹ ni èmi ń kọ, Màmá." Ó kọ mẹ́rìndínlógún sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a bá ẹrù Primitiva nínú ẹrọ̀fọ̀. Ó ṣà á, ó nù ún, ó pàtẹ sójú kan náà. Mo fa àtẹ tèmi mọ́ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ráyè bọ́ sáàárín.

Owó Eleuterio gbéra díẹ̀. Òrùlé ò dé. Bí òjò bá ń pa wá, Hilaria á ní, "Ṣé o rí i?"

Primitiva á ní, "Mo rí i, Màmá. Mẹ́rìndínlógún náà ni."