Ìlà Kan Dá Ẹrù Orúkọ Padà

Bí ara ṣe ń kan mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá kí mi pẹ̀lẹ́, mo lè bú u. Wọ́n fẹ́ pín irúgbìn àgbàdo fún àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí Ìlọrin ká, èmi ni mo sì ń ti ọ́fíìsì wa ní àdúgbò Challenge nílùú Ìlọrin fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí dátábéèsì, ìyẹn àpamọ́ orúkọ orí kọ̀ǹpútà, tó wà lókè òkun. Tí wọ́n bá fi pe ìrun Alaasari ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí orúkọ ẹnìkan ò tíì wọlé, onítọ̀hún ò rí irúgbìn gbà nìyẹn. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi wà lára àwọn àgbẹ̀ náà.

Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni prógíráàmù tí mo kọ ń gbé orúkọ lọ. Á gbé ọ̀kan, á dúró kí ọ̀hún dáhùn pé ó ti dé, kó tó gbé òmíràn. Ọ̀gá mi yọjú wo kọ̀ǹpútà, ó pòṣé.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń kó èrò nìyí, ẹyọ ẹnìkan nínú bọ́ọ̀sì? Dì wọ́n pọ̀ jàre!”

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Mo pa èyí tó ti wọlé rẹ́, mo tún prógíráàmù náà kọ: kí gbogbo orúkọ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ wọlé tàbí kí wọ́n jọ padà, kí apá kan má bàa sọnù lọ́nà. Mo tẹ bọ́tìnnì pé kó máa lọ. Kí n tó mí, dátábéèsì ti dá gbogbo wọn padà. Yéè! Ó ní ọjọ́ ìbí tó wà ní ìlà kan kò ṣeé gbà. Mo wá ìlà náà kàn. Bàbá mi ni. Ẹni tó lọ gba orúkọ lábúlé kọ ohun tí Bàbá sọ fún un síbẹ̀ gẹ́lẹ́: “Ọdún tí odò gbé afárá lọ.”

Àwọn àgbà yòókù tí wọn ò mọ ọjọ́ ìbí wọn ti gbà kí wọ́n fún wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún tí a bá fojú bù, bí a ti máa ń ṣe. Àfi bàbá tèmi! Mo pè é.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọdún kan síbẹ̀.”

“Ọdún wo? Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi ni?”

“Àsìkò ń lọ, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ dá gbogbo èèyàn dúró.”

“Ọmọ mi ò ní tìtorí mi parọ́. Yọ mí kúrò, káwọn èèyàn lè kọjá.”

Mo lè kọ ọdún tó wù mí; ta ni yóò mọ̀? Òun á mọ̀. Mo pa ìlà rẹ̀ rẹ́, omi ń dà lójú mi, mo tún tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn wọlé. Bí ládàánì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn wa nìyẹn.

Bàbá ò tíì pa fóònù. “Ṣé wọ́n wọlé?”

“Wọ́n wọlé, Bàbá.”

“Alhamdulillah. Lọ kírun.”

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ irúgbìn dé abúlé, Bàbá tí kò ní tirẹ̀ níbẹ̀ ló bá wọn já a sílẹ̀.