Orúkọ Tí Wọ́n Fi Sára Wọ́ọ̀dù

Ìka rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Láràárọ̀, á fà á lórí irin ibùsùn àwọn ọmọ, á gbé e sójú, á máa wá eruku. N kò rí i kó fi kan ọmọ kankan rí. Òun ni ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Surulérè, òun ló sì máa ń lé àwọn ìyá síta.

"Ṣé ọjà Ọ̀yìngbò lẹ fẹ́ sọ wọ́ọ̀dù mi dà ni?"

Lọ́jọ́ kan, mo gba ìró ìyá kan, mo fi bo ọmọbìnrin rẹ̀ kó lè máa gbọ́ òórùn ìyá rẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́ ẹkún. Ọ̀gá já aṣọ náà kúrò, ó kọ̀wé fẹ̀sùn kàn mí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ náà kú. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ìyá rẹ̀ wà.

Ní báyìí, ilé ìwòsàn náà ti gbòòrò, ìyá kọ̀ọ̀kan sì ń sùn ti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n ní ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ ronú kan irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe wọ́ọ̀dù náà. Ọ̀gá, tó ti di arúgbó, jókòó níwájú àwọn àlejò, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá a níjòókòó. "Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn, mà."

"Ìwọ yìí, o ṣì ń bínú?"

"Ọmọ yẹn ńkọ́, mà?"

"Ọmọ wo?"

Mo pe orúkọ ọmọ náà àti ti bàbá rẹ̀, sókè, títí àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá fi gbọ́.