Ọjọ́ tí Ìyá Kékeré Fi Ẹ̀yìn Rìn Wọlé Lára Ògiri

Òórùn ẹ̀kọ tó jóná ni mo fi ń rántí àárọ̀ náà. Ọyẹ́ mú, gbogbo àgbàlá funfun bí ẹni pé wọ́n da eérú sí i, ìkòkò ẹ̀kọ ńlá wà lórí iná, kò sì sí ẹni tó ń rò ó. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ìyá mi ló ń ro ẹ̀kọ, àbúrò rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré ló ń pọ́n ọn sínú ewé, àwọn méjèèjì a sì jọ rù ú lọ sí etí òkun fún àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ́ọ̀nù tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ọwọ́ àwọn obìnrin méjì yìí ni mo ti ń jẹun ní Kútọnu.

Orí mi ni ìjà àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo bá àwọn ọmọ àdúgbò lọ wẹ̀ nínú òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá irin tí wọ́n ti ń já ẹrù, níbi tí omi ti gbé ọmọ kan lọ láìpẹ́ sígbà náà. Ìyá Kékeré gbọ́. Ó fi pàṣán tútù nà mí, ó ń nà mí, ó ń sunkún. Nígbà tí ìyá mi tọjà dé tó rí ẹ̀yìn mi, kò bèèrè ohun tí mo ṣe. Ó ní, "Bí ọwọ́ bá ń yún ọ láti na ọmọ, lọ bí tìrẹ."

Ìyá Kékeré ti lọ́kọ lẹ́ẹ̀mejì, kò bímọ. Kò sí ẹni tó ń fẹnu kan ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa, kódà àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ fún mi, bí mo bá fọ́ àwo tàbí tí mo bú ọmọ ẹlòmíràn, pé, "Ràfíù, omi tó bá ti dànù, a kì í kó o." Lọ́jọ́ yẹn, òun ló da tirẹ̀ nù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Kékeré kó aṣọ rẹ̀ sínú ọpọ́n irin, ó ní òun ń lọ sí Godomey, lẹ́yìn ìlú, lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan. Ìyá mi jókòó nínú yàrá, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi orúnkún méjèèjì há mi mọ́lẹ̀ kí n má baà jáde. Ẹ mọ bó ṣe rí láàárín wa: ẹnì kan kì í dá ẹrù wúwo gbé rù nígbà tí èèyàn bá wà nílé. Ẹni tó ń lọ á gbọ́wọ́ lé ẹrù rẹ̀, á wá ojú ẹni tí yóò bá a gbé e rù. Kódà ọ̀tá ẹni, a máa ń gbé e rù kó lè máa lọ. A gbọ́ tí ọpọ́n irin dún nílẹ̀. Lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ẹsẹ̀. Ìyá mi ní, "Ṣé o rí i? Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn." Ìgbà yẹn ni òórùn ẹ̀kọ jíjóná wọlé bá wa.

Àwọn obìnrin ilé ti lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Bọ̀dá Símónì nìkan ló wà ní àgbàlá.

Bọ̀dá Símónì ni ọmọ onílé wa. Àgùdà ni wọ́n, ará ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Bàbá Onílé ta oko àgbọn kan kí ọmọ yìí lè lọ kọ́ iṣẹ́ apoògùn ní ìlú Faransé. Ohun tó kó bọ̀ ni ẹ̀rọ dúdú kékeré kan tó fi ń ya sinimá, àti ìròyìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́hùn-ún, àwọn tó ń kun àwòrán, tí wọ́n tún ń ya sinimá kúkúrú tí kò ní ìtàn. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí olè, kò sí ìyàwó. Òjìji aṣọ lórí okùn ni, tàbí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, tàbí omi tó ń kán. Àwa ọmọdé a máa tẹ̀lé e kiri. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Bọ̀dá, ìtàn wá dà níbẹ̀?" Ó wò mí, ó ní, "Ṣé òjò máa ń pìtàn fún ọ kó o tó wò ó?"

Ohun tó tún pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé lọ́jọ́ mìíràn á dorí ẹ̀rọ náà kodò, á máa fi yàwòrán bẹ́ẹ̀. Télọ̀ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ a máa pariwo pé, "Símónì, iṣẹ́ ẹ ti dojú dé o!" Mo lọ ròyìn rẹ̀ nílé ìwé, wọ́n so pátákó mọ́ mi lọ́rùn, torí pé Yorùbá ni mo fi ròyìn rẹ̀, kì í ṣe Faransé. Bọ̀dá Símónì kì í bínú. Bí okùn sinimá rẹ̀ bá ti tán nínú ẹ̀rọ, á dì í, á fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Faransé kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́, àwa a sì gbàgbé rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Ìyá Kékeré ti lọ, ìyá mi ń dá ro ẹ̀kọ, ó ń dá pọ́n ọn. Ẹni tó bá bi í léèrè àbúrò rẹ̀, á ní, "Ó lọ, kò wẹ̀yìn." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan egbò wò bóyá ó ti san. Èmi náà kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ti jinná, àárín wọn ni kò jinná.

Òjò ńlá ti bẹ̀rẹ̀ kí sinimá tí Bọ̀dá Símónì fi ránṣẹ́ tó padà dé láti Faransé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, Bọ̀dá Símónì pe gbogbo ilé sí yàrá ńlá bàbá rẹ̀. Ó ti fèrèsé, ó fi kúbùsù dí ojú wọn, ó kun ògiri kan ní funfun. Bàbá Onílé jókòó níwájú pátápátá pẹ̀lú kóòtù funfun àti fìlà, nítorí ó ti múra lọ́jọ́ kan, ó jókòó gbọnrangandan fún ọmọ rẹ̀ kó ya òun. Nígbà tí iná bọ́ sí ògiri, bàtà méjì la rí. Bàtà náà wà níbẹ̀ títí. Eṣinṣin kan bà lé e, ó fò lọ.

Bàbá Onílé ní, "Símónì, orí mi ńkọ́?"

Télọ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ó ń bọ̀ lókè, Bàbá, ẹ ṣe sùúrù."

A rẹ́rìn-ín débi pé àga kan ṣubú. Bàbá Onílé ní òun ta oko àgbọn kí òun lè ra bàtà tí òun ti ní tẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Símónì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wà nítòsí rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fi èyí tó dorí ẹ̀rọ kodò yà hàn wá. Iyanrìn àgbàlá wa la kọ́kọ́ rí, ó tutù rinrin. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, ó kóra jọ, ó fò sókè, ó wọ inú garawa lọ, ilẹ̀ sì gbẹ. Gbogbo yàrá pariwo. Mo yíjú sí ìyá mi, nítorí òun ló kọ́ mi pé a kì í kó o. Kò wò mí. Ewúrẹ́ kan fi ẹ̀yìn rìn kọjá. Arábìnrin Bàbá Onílé fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó ní, "Òkú ló ń rìn báyẹn o, Símónì, dá a dúró!"

Kò dá a dúró. Ẹnu ọ̀nà ìta ilé wa ló kàn. Obìnrin kan ń fi ẹ̀yìn rìn wọlé bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Aṣọ rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìyá Kékeré fi ẹ̀yìn rìn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ wa kọjá, èéfín ń padà wọ inú ìkòkò, ó dé iwájú yàrá wa, ó gbọ̀n, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ọpọ́n irin sì kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ó dìde. Ó gbé ọwọ́ lé ẹrù náà, ó kọjú sí ilẹ̀kùn wa, ó sì dúró. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó tún ń wò ó. Ibẹ̀ ni okùn sinimá ti tán, ògiri sì funfun padà.

Ìyá mi ní, "Símónì, ìgbà wo ló dúró báyẹn?"

Bọ̀dá Símónì sọ pé òun dorí ẹ̀rọ kodò nígbà tí òun ń yà á ni, pé bí wọ́n bá wá yí okùn sinimá náà kí orí àwòrán lè padà sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń di iwájú, ìparí tí a rí yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀. "Kó tó gbé ẹrù ni, Ìyá Ràfíù. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ yẹn ló gbà mí lọ́kàn."

"O wà níbẹ̀, o kò gbé e rù?"

Ó ní, "Ojú mi wà nínú ẹ̀rọ, mà. Mi ò mọ̀ pé èèyàn ló ń dúró dè."

Ìyá mi ní, "Èmi ni." Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fà mí lọ́wọ́, a bọ́ síta sínú ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú.

Kò tilẹ̀ ti yàrá wa. A fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Godomey, òjò pa wá lọ́nà, ó sì tún dá kí a tó débẹ̀. Ìyá Kékeré ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi kan ní oríta. Nígbà tó rí wa, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló kú?"

Ìyá mi ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Mo rí ọ nínú sinimá Símónì."

"Èmi? Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ò ń wo ilẹ̀kùn."

Ìyá Kékeré bojú wolẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì rí i mọ́: ìyá mi, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, fi orúnkún kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀. Ìyá Kékeré figbe ta, ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ kí n kú ni? Ẹ dìde!" Wọ́n jọ ṣubú sínú èèpo ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sáré lọ dì mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n jókòó, Ìyá Kékeré nu imú, ó ní, "Ṣé mo tilẹ̀ rẹwà níbẹ̀?" Ìyá mi ní, "Aṣọ tó o wọ̀ kò dáa."

Kò padà wá gbé ilé wa mọ́. Ó ń wá, à ń lọ, ó ń pọ́n ẹ̀kọ bí ọdún bá dé, ṣùgbọ́n Godomey ló ń sùn. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Bọ̀dá Símónì padà sí Faransé kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà á, ojú ń tì í. Bàbá Onílé kò bá a dé ìdí ọkọ̀. Ó dùn mí pé èmi náà kò lọ.

Ọmọkùnrin tí mo jẹ́ nígbà náà gbà pé ẹ̀rọ náà lè dá ohunkóhun padà. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń gbèrò pé màá bẹ Bọ̀dá Símónì kó dorí rẹ̀ kodò níbi afárá irin, kí ọkọ̀ Gàbọ́ọ̀nù lè fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Mo ti dàgbà, mo mọ̀ pé àwòrán nìkan ló ń padà, pé ìyá mi ló rìn. Ó ti kú báyìí. Èmi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ganhi, nínú Kútọnu yìí, mo sì máa ń sanwó wọ sinimá tó ní ìtàn, ìjà àti ìyàwó. Ìyá Kékeré ṣì wà ní Godomey, ó ku òun nìkan. Ó rán ẹnì kan sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ẹ bá mi sọ fún Ràfíù pé mi ò tíì kú o." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n bá mi kí i, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Láti òjò èṣí ni mo ti ń sọ pé màá lọ. Kẹ̀kẹ́ ló kún iwájú ṣọ́ọ̀bù mi yìí. Ìyá mi kò ní ẹyọ kan lọ́jọ́ tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Godomey.