Ìrù Orúkọ

"Ìrù orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wò!" Bí ọ̀gá tó kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà ní Òkòtà ṣe máa ń pariwo nìyẹn. Ó ní kọ̀ǹpáílà, ètò tó ń sọ ohun tá a bá kọ di èdè ẹ̀rọ, ìrù orúkọ fáìlì ló fi ń mọ ohun tó máa ṣe sí i. Tó bá parí sí .c, á túmọ̀ ẹ̀. Tó bá parí sí .txt, kò ní túmọ̀ ẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe àwa náà nìyẹn. Ibi téèyàn ń gbé ló máa ń so mọ́ orúkọ onítọ̀hún. Èmi ni "Délé Èjìgbò"; ọ̀rẹ́ mi, tó ń gbé ládùúgbò àwọn olówó, ni "Bọ́lá Àjàó Estate." Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fẹ́ mú ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́ nínú wa, Bọ́lá da iṣẹ́ mi kọ látòkèdélẹ̀. Ọ̀gá ka tiẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Tèmi, kò tiẹ̀ ṣí i.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì ka tèmi."

"Èjìgbò, jókòó jẹ́ẹ́!"

Àjàó Estate lèmi náà ń gbé báyìí. Mo pàdé ọ̀gá lánàá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èjìgbò! Ṣé dáadáa ni?"

Fáìlì sàn jù mí lọ. Téèyàn bá yí ìrù tiẹ̀ padà, kọ̀ǹpáílà á gbà á.